Wọ́n kọ ẹ̀bẹ̀ ìsádi rẹ̀, kò sì lọ: kí ni ìjọba ń ṣe sí irú ẹni bẹ́ẹ̀?

Ìbéèrè tí ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀:

Ará ìlú mi kan ni ó ń sùn nínú pálọ̀ mi níhìn-ín ní London láti oṣù méje sẹ́yìn. Ó tọrọ ìsádi, ìyẹn asylum, Home Office, ilé iṣẹ́ ìjọba tí ó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìwọ̀lú, kọ̀ fún un, adájọ́ náà kọ̀ fún un, síbẹ̀ kò tíì lọ. Èmi san owó físà, mo san owó ìlera tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àwa tí a gba ẹnu ọ̀nà wọlé, èyí tí ó ti di póùn 1,035 lọ́dún báyìí, mo sì ń san owó orí. Kò sẹ́ni tó fún mi ní kọ́bọ̀. Mo wá ń gbọ́ pé wọ́n ń fún àwọn tí wọ́n ti kọ̀ fún ní ilé àti owó. Ṣé òótọ́ ni? Bí ìjọba bá ti sọ pé rárá, kí ló dé tí wọn kò kó wọn sínú ọkọ̀ òfuurufú ní ọjọ́ kejì? Mi ò gba ohun kan lọ́wọ́ ọmọkùnrin yìí ju póùn 50 lóṣù fún iná àti omi, ẹ má sì rò pé mo jẹ́ ìkà ènìyàn. Ó kàn sú mi ni.

* * *

Ìbéèrè mẹ́ta ni ẹ dì sínú ẹyọ kan, n ó sì tú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Orí “rárá” yẹn ni mo fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa kà sí òpin ọ̀rọ̀ kì í sábà jẹ́ òpin.

Mo ti ṣe ògbufọ̀ fún àwọn agbẹjọ́rò ìwọ̀lú fún ọdún mélòó kan. Mo rántí ọkùnrin kan tí ó mú àpò ìwé kan wá tí kò tíì já. Orí fíríìjì ni ó gbé e sí fún ọjọ́ mọ́kànlá, nítorí pé, gẹ́gẹ́ bí ó ti wí, bí òun kò bá já a, ohun tí ó wà nínú rẹ̀ kò tíì ṣẹlẹ̀. Agbẹjọ́rò já a, ó wo déètì tí ó wà lókè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka ka nǹkan lórí tábìlì láìsọ̀rọ̀. Ọjọ́ 14 ni òfin fún ènìyàn láti pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, láti ọjọ́ tí ìjọba ti fi ìwé náà ránṣẹ́ ni wọ́n sì ti ń kà á, kì í ṣe láti ọjọ́ tí ẹni tó ni ín rí ìgboyà láti kà á. Ọjọ́ mẹ́ta ni ó kù fún un. Wọ́n pe ẹjọ́ náà ní ọjọ́ kẹtàlá.

Kò sì yẹ kí a fojú kékeré wo irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Láàárín ọdún 2018 sí 2023, nínú àwọn ẹjọ́ ìsádi tí ó dé iwájú adájọ́, ìjọba pàdánù ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ lọ́dọọdún, ó sì súnmọ́ ìdajì ní àwọn ọdún kan. Ìyẹn ni pé “rárá” àkọ́kọ́ jẹ́ àṣìṣe ní ọ̀pọ̀ ìgbà, kì í sì í ṣe ẹni tí ó ń bẹ̀bẹ̀ ni ó sọ bẹ́ẹ̀, adájọ́ ni. Èyí ni mo fi máa ń rẹ́rìn-ín nígbà tí àwọn ènìyàn bá sọ pé kí wọ́n dá ènìyàn padà ní ọjọ́ kejì.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà ẹjọ́ kì í ṣí fún gbogbo ènìyàn bákan náà, àwa ará Nàìjíríà sì ní láti mọ èyí dáadáa. Orílẹ̀-èdè wa wà nínú àkọsílẹ̀ àwọn ilẹ̀ tí òfin kà sí ibi tí kò léwu, fún àwọn ọkùnrin nìkan. Bí ọkùnrin ará Nàìjíríà bá tọrọ ìsádi, Home Office lè fi èdìdì sí i pé ẹ̀bẹ̀ náà kò ní ẹsẹ̀ nílẹ̀ rárá, bí wọ́n bá sì ti ṣe bẹ́ẹ̀, kò ní ẹ̀tọ́ kòtẹ́milọ́rùn mọ́. Ohun tí ó kù fún un ni kí ó bẹ ilé ẹjọ́ gíga pé kí ó wò ó bóyá ìjọba tẹ̀lé òfin nígbà tí ó ń ṣe ìpinnu náà, owó kékeré kọ́ sì ni ènìyàn fi ń ṣe ìyẹn.

* * *

Lórí owó. Òótọ́ wà níbẹ̀, àsọdùn sì wà níbẹ̀.

Ẹni tí ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀, tí kò sì ní nǹkan kan lọ́wọ́, ni wọ́n ń fún ní ibùgbé ní ibi tí ìjọba bá yàn fún un, kì í ṣe ibi tí òun fẹ́. Láti ọdún 2024, póùn 49.18 ni wọ́n ń fún un lọ́sẹ̀ bí ó bá ń dá oúnjẹ ara rẹ̀ sè. Bí ó bá jẹ́ òtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ti ń gbé oúnjẹ fún wọn ni ó wà, iye tí ó ń gbà kò tó póùn 10 lọ́sẹ̀. Láti inú ìyẹn ni yóò ti ra ọṣẹ, dátà fóònù àti ohun gbogbo.

Ẹni tí ẹ ń béèrè nípa rẹ̀ kò sí nínú ẹgbẹ́ yìí mọ́. Nígbà tí gbogbo ọ̀nà ẹjọ́ bá ti dí, ọjọ́ 21 ni ó kù fún àgbàlagbà tí kò ní ọmọ. Lẹ́yìn rẹ̀, owó dúró, wọ́n á sì ní kí ó kó ẹrù rẹ̀ jáde. Ìdílé tí ó ti ní ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 kí ọ̀rọ̀ tó parí ni wọ́n sábà máa ń jẹ́ kó máa gba ìrànwọ́ lọ.

Ìrànwọ́ kejì tí àwọn ènìyàn máa ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ ni “section 4”, láti inú òfin ìwọ̀lú àti ìsádi ti ọdún 1999. Ibẹ̀ ni àsọdùn ti wọlé, nítorí pé kì í ṣe fún gbogbo ẹni tí a kọ̀ fún. Ènìyàn ní láti fi hàn pé ebi àti àìnílé ti dé sí òun lọ́rùn, kí ó sì tún ní ọ̀kan nínú àwọn ìdí tí òfin kà sílẹ̀: pé ó ń sa gbogbo ipá rẹ̀ láti padà sílé, tàbí pé àìsàn kò jẹ́ kí ó lè rìnrìn àjò, tàbí pé kò sí ọ̀nà tí ènìyàn lè gbà dé ìlú rẹ̀, tàbí pé ilé ẹjọ́ ti gbà láti tún ìpinnu náà yẹ̀ wò, tàbí pé ẹ̀rí tuntun rẹ̀ wà lọ́wọ́ ìjọba tí wọn kò tíì dáhùn. Inú káàdì ni wọ́n sì ń fi owó náà sí. Káàdì náà ń ra nǹkan ní ṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n ẹ kò lè fi gba owó jáde lẹ́nu ẹ̀rọ. Obìnrin kan tí mo ṣe ògbufọ̀ fún máa ń ra ìrẹsì fún aládùúgbò rẹ̀ láti inú káàdì náà, kí aládùúgbò lè ka owó ẹyọ sí i lọ́wọ́, kí òun sì lè rí owó bọ́ọ̀sì tí yóò gbé òun lọ fọwọ́ síwèé ní ọ́fíìsì tí ìjọba yàn. Ìjọba fẹ́ kí ó wá, wọ́n sì fún un ní owó tí kò lè wọ ọkọ̀ wá. Mo wo ojú rẹ̀ bí ó ti ń ṣàlàyé èyí, kò tilẹ̀ dà bí ẹni tí inú ń bí. Ó ń ṣàlàyé bí ẹni tí ó ń ṣàlàyé bí a ti ń se ọbẹ̀ ni.

Ní ti ilé ìwòsàn: ní England, dókítà àdúgbò àti ẹ̀ka ìtọ́jú pàjáwìrì kò gba owó lọ́wọ́ ẹni tí a kọ̀ fún. Ṣùgbọ́n bí ó bá ní láti gba ìtọ́jú inú ilé ìwòsàn ńlá, tí kò sì sí lórí ìrànwọ́ ìjọba, ìwé owó tí wọn yóò kọ fún un jẹ́ ìdá 150 nínú ọgọ́rùn-ún iye tí ìtọ́jú náà ń ná ìjọba. Ní Scotland àti Wales, wọn kì í gba owó yẹn lọ́wọ́ wọn.

Nítorí náà, bí ọmọkùnrin inú pálọ̀ yín bá ń gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ìjọba, yóò yà mí lẹ́nu. Ẹ̀yin ni ẹ̀ ń bọ́ ọ.

* * *

Ẹnì kan kọ ọ́ lẹ́yìn èyí pé ọ̀rọ̀ kò gba àlàyé púpọ̀, pé ọkọ̀ òfuurufú kan ṣoṣo ni ó gbà.

Ọkọ̀ kọ́ ni ìṣòro. Ìwé ìrìnnà ni. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí a kọ̀ fún kò ní páásípọ̀ọ̀tì. Ti àwọn kan sọnù, ti àwọn kan wà lọ́wọ́ ẹni tí ó mú wọn wá, àwọn kan sì ya tiwọn, ẹ jẹ́ ká má purọ́ fún ara wa. Kò sí ilẹ̀ tí ó ń gba ẹni tí a kàn jù sí i láìsí ìwé. Àfi kí ilé iṣẹ́ aṣojú orílẹ̀-èdè rẹ̀ rán òṣìṣẹ́ wá, kí wọ́n bi í léèrè ilé ẹ̀kọ́ tí ó lọ, àdúgbò tí wọ́n bí i sí, kí wọ́n gbọ́ èdè tí ó ń sọ, kí wọ́n tó fún un ní ìwé ìrìnnà pàjáwìrì. Èyí lè gba oṣù púpọ̀, àwọn ìjọba kan kì í sì í dáhùn. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì halẹ̀ pé òun yóò ti ilẹ̀kùn físà mọ́ àwọn ará Àǹgólà, Nàmíbíà àti Kóńgò Kinshasa bí ìjọba wọn kò bá gba àwọn ènìyàn wọn padà. Tí a bá ronú nípa rẹ̀, ìjẹ́wọ́ ni ìhàlẹ̀ yẹn jẹ́: ọkọ̀ wà, owó wà, ẹni tí yóò gbà wọ́n ní òdì kejì ni kò sí.

Ohun kejì ni pé òfin dí ọ̀nà kan pa pátápátá. Àdéhùn àwọn ogúnléndé ti ọdún 1951 sọ nínú ẹsẹ̀ kẹtàlélọ́gbọ̀n pé a kò gbọdọ̀ dá ogúnléndé padà sí ibi tí ẹ̀mí tàbí òmìnira rẹ̀ ti wà nínú ewu. Ẹsẹ̀ kẹta àdéhùn ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ilẹ̀ Yúróòpù tilẹ̀ le ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ó kan ẹni tí kì í ṣe ogúnléndé pàápàá: bí ìyà oró bá ń dúró dè é níbẹ̀, kò ṣeé dá padà. Bí nǹkan bá sì yí padà ní ìlú rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti kọ̀ fún un, ó lè kó ẹ̀rí tuntun wá. Àwọn kan ń lo àyè yìí lọ́nà àrékérekè, mo mọ̀. Àwọn mìíràn sì wà tí àyè yìí nìkan ni ó gba ẹ̀mí wọn là.

Àwọn kan ní kí ìjọba wá ti àwọn tí a kọ̀ fún mọ́lé títí wọn yóò fi lọ. Títí dìgbà wo? Àjọ ilẹ̀ Yúróòpù fi oṣù 18 ṣe òpin rẹ̀ nínú òfin ìdápadà ọdún 2008. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò fi òpin kankan sínú òfin, ṣùgbọ́n láti ọdún 1983 ni àwọn adájọ́ rẹ̀ ti sọ pé a kò gbọdọ̀ ti ènìyàn mọ́lé nítorí ìdápadà bí ìdápadà náà kò bá ṣeé ṣe láàárín àkókò tó bọ́gbọ́n mu. Ilé ẹjọ́ gíga Ọsirélíà gbà ní ọdún 2004 pé ìjọba lè ti ẹni tí kò ní ibi tí yóò padà sí mọ́lé láìní òpin. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2023 ilé ẹjọ́ kan náà yí ọ̀rọ̀ yẹn padà, wọ́n sì ní láti tú àwọn tó wà ní irú ipò bẹ́ẹ̀ sílẹ̀.

* * *

Mo rí i pé ọ̀rọ̀ tí ó pọ̀ jù lọ nínú àwọn èsì ni pé: ẹ jẹ́ kí ebi lé wọn. Ẹ má fún wọn ní iṣẹ́, ẹ má fún wọn ní ilé, wọn yóò mọ ọ̀nà ilé.

Mo fẹ́ dúró lórí èyí, nítorí pé òun ni gbogbo ètò ìjọba rọ̀ mọ́ láti nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, ẹgbẹ́ òṣèlú yòówù tí ó wà lórí oyè, nítorí náà a kò ní láti máa méfò. Wọ́n ti dán an wò. Òfin ọdún 2004 kan fún ìjọba láyè láti gba ìrànwọ́ lọ́wọ́ àwọn ìdílé ọlọ́mọ pàápàá, bí òṣìṣẹ́ ìjọba bá rò pé wọ́n kọ̀ láti lọ. Bí òbí kò bá wá rí oúnjẹ fún ọmọ mọ́, ìjọba ìbílẹ̀ lè gba ọmọ náà sí ìtọ́jú. Láti ìparí ọdún 2004 sí ìparí 2005, wọ́n gbìyànjú rẹ̀ lórí ìdílé 116 ní ìlà oòrùn London, ní Manchester àti ní West Yorkshire. Ní ọdún 2007, Home Office fúnra rẹ̀ tẹ àbọ̀ jáde. Kò mú kí wọ́n lọ. Ohun tí ó ṣe ni pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kó ọmọ wọn sá kúrò ní àdírẹ́sì tí ìjọba mọ̀, ìjọba kò sì mọ ibi tí wọ́n wà mọ́. Ẹni tí ó ń gba owó lọ́dọ̀ yín lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ mọ ilé rẹ̀. Ẹni tí ẹ lé jáde, pálọ̀ ta ni ẹ óò ti wá a?

Ní ọdún kan náà, ìgbìmọ̀ àpapọ̀ àwọn aṣòfin lórí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn sọ ọ́ láìfi bọpo bọyọ̀ pé ìjọba ń mọ̀ọ́mọ̀ lo òṣì gẹ́gẹ́ bí irinṣẹ́. Ṣáájú ìyẹn, ní oṣù kọkànlá ọdún 2005, àwọn adájọ́ ilé Lọ́ọ̀dù, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ nígbà náà, ti dá ẹjọ́ àwọn mẹ́ta kan tí ìjọba fi ìrànwọ́ dù nítorí pé wọn kò tètè tọrọ ìsádi. Wọn kò ní ẹ̀tọ́ láti ṣiṣẹ́, wọn kò rí ìrànwọ́, ìta gbangba sì ni àwọn kan nínú wọn ń sùn. Àwọn adájọ́ sọ pé bí ìjọba bá fi òfin dí ọwọ́ ènìyàn láti ṣiṣẹ́, tí ó tún fi òfin gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀, ìyà tí ó jẹ ẹni náà ti di ti ìjọba. Ẹ̀bẹ̀ àwọn wọ̀nyí ṣì wà nílẹ̀ o, a kò tíì kọ̀ fún wọn. Mo sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má bàa dì í mú fún mi. Ṣùgbọ́n láti ibẹ̀ ni ààbò kékeré tí ó kù nínú “section 4” ti ń fa agbára.

Kí ló dé tí ebi kì í lé wọn? Ọ̀rẹ́ mi kan fún mi ní èsì tí n kò gbàgbé. Bàbá rẹ̀ ta ilẹ̀ kan ṣoṣo tí ó kù nínú ogún ìdílé kí ó lè rí owó san fún aṣojú, ẹni tí ó ń ṣètò bí ènìyàn yóò ṣe dé òkè òkun. Ẹni tí ó ra ilẹ̀ náà ti kọ́ ilé alájà méjì sí i, ó sì kùn ún ní àwọ̀ ewé. Ọ̀nà oko wọn gba iwájú ilé náà kọjá. “Bí mo bá padà lọ́wọ́ òfo,” ó ní, “òwúrọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni n ó máa kí ilé yẹn.” Ebi London kò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọ̀ ewé yẹn. Yorùbá ti sọ ọ́: ikú yá ju ẹ̀sín. Àwọn tí ó ń kọ ìlànà ní ọ́fíìsì kò ní ibi tí wọn yóò ti ka ẹ̀sín nínú ìṣirò wọn.

* * *

Ẹnì kan láti Jámánì ní kí a wá kọ́ ọgbọ́n lọ́dọ̀ àwọn. N kò gbà pátápátá, n kò sì kọ̀ pátápátá.

Ẹni tí a kọ̀ fún ní Jámánì, tí kò ṣeé dá padà, ni wọ́n ń fún ní ìwé tí wọ́n ń pè ní Duldung. Ìfaradà ni ìtumọ̀ rẹ̀ gan-an. Kì í ṣe ìwé ìgbélùú. Ohun tí ó sọ ni pé ìjọba ti dá ìdápadà dúró ná. Fún oṣù mélòó kan ni, wọ́n á tún un ṣe, wọ́n á tún un ṣe, àwọn kan sì ti bí ọmọ lábẹ́ rẹ̀, tí ọmọ náà ti wọ ilé ẹ̀kọ́. Ohun tí ó dára níbẹ̀ ni pé ọ̀nà àbáyọ wà. Ẹni tí ó bá wọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ọlọ́dún mẹ́ta lè parí rẹ̀ láìsí pé wọ́n gbé e, kí ó sì fi ọdún méjì ṣiṣẹ́ náà lẹ́yìn rẹ̀. Láti ọjọ́ ìparí ọdún 2022 títí di ìparí ọdún 2025, òfin mìíràn tún wà tí ó fún àwọn tí wọ́n ti lo ọdún márùn-ún níbẹ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún náà ní oṣù 18 láti fi wá iṣẹ́, kọ́ èdè, kí wọ́n sì fi ìdánimọ̀ wọn hàn.

Ìdánimọ̀ yẹn gan-an ni pàkúté. Bí o bá gbé páásípọ̀ọ̀tì rẹ kalẹ̀, o ti fún wọn ní ohun kan ṣoṣo tí wọ́n nílò láti gbé ọ. Bí o bá pa á mọ́, láti ọdún 2019 wọ́n lè fi ọ́ sí abẹ́ irú Duldung kan tí ó burú ju ti àkọ́kọ́ lọ, tí ó sì fòfin de iṣẹ́. Mo mọ ẹnì kan tí ó fi ọdún kan gbáko ro èwo ni kí òun ṣe nínú méjèèjì, ó sì ń sọ ọ́ lórí fóònù ní gbogbo ọjọ́ Àìkú títí ó fi sú ìyàwó mi.

Denmark ní ọ̀nà tirẹ̀. Ọgbà ẹ̀wọ̀n àtijọ́ kan ni wọ́n sọ di ibùdó àwọn tí a kọ̀ fún, ní Kærshovedgård, ní ibi tí ó jìnnà sí ìlú. Wọ́n ní kì í ṣe ẹ̀wọ̀n. Wọ́n ní láti máa sùn níbẹ̀, kí wọ́n sì máa fara hàn. Ẹ pe èyí ní ohunkóhun tí ó bá wù yín.

* * *

Kúkúrú, lórí owó ìpadàsílé, nítorí pé ẹni méjì béèrè. Ó wà. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lè san owó ọkọ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ padà fúnra rẹ̀, àwọn tí wọ́n bá sì yẹ lára wọn lè rí tó póùn 3,000 gbà, inú káàdì ni wọ́n ń fi sí. Kì í ṣe ìtànjẹ. Ẹni tí kò ní gbèsè ńlá nílé, tí ẹ̀mí rẹ̀ kò sì sí nínú ewu, ó yẹ kí ó rò ó dáadáa kí àkókò tó kọjá, nítorí pé ẹni tí ó bá dúró de ìgbà tí wọn yóò mú un kò ní rí irú rẹ̀, ìdènà ọdún púpọ̀ lórí àtiwọlé padà sì lè tẹ̀ lé e.

Àfiwé kan ni mo fẹ́ kí ẹ gbé wò. Láti oṣù kẹrin ọdún 2022 ni ìjọba ìgbà náà ti ń wá ọ̀nà láti kó àwọn tí ó ń tọrọ ìsádi lọ sí Rùwáńdà. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní kò bófin mu ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, wọ́n ṣe òfin tuntun lé e lórí ní 2024, ìjọba mìíràn sì fagi lé gbogbo rẹ̀ ní oṣù keje ọdún náà. Mínísítà tuntun sọ nílé aṣòfin pé póùn mílíọ̀nù 700 ti bá a lọ. Àwọn tí wọ́n dé ọ̀hún jẹ́ mẹ́rin, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni wọ́n sì finú fẹ́dọ̀ lọ. Ẹni tí a ti kọ ẹ̀bẹ̀ ìsádi rẹ̀ ni ẹni àkọ́kọ́ nínú wọn, póùn 3,000 yẹn ni wọ́n sì fi bá a sọ̀rọ̀.

* * *

“Ṣé kí a wá fún gbogbo wọn ní páálí ìgbélùú ni?” Ẹni tí ó béèrè èyí rò pé òun ti há mi mọ́ igun.

Rárá, kì í ṣe gbogbo wọn. Mo ti jókòó síbi tí mo ti ń túmọ̀ ìtàn tí mo mọ̀ pé rírà ni wọ́n rà á. Nígbà tí mo gbọ́ odò kan náà, òru kan náà àti àbúrò kan náà tí ó kú sínú odò náà lẹ́nu ẹni mẹ́ta tí kò mọ ara wọn rí, mo mọ̀ pé ọwọ́ aṣojú kan náà ni wọ́n ti jáde. Iṣẹ́ mi ni láti túmọ̀, n kò sì gbọdọ̀ fi ojú sọ̀rọ̀. Ohun tí ó dùn mí jù ni pé ẹnì kan nínú wọn ní ìtàn tirẹ̀ tí ó lágbára ju èyí tí ó rà lọ, ṣùgbọ́n wọ́n ti sọ fún un pé tirẹ̀ kò ní tà.

Ohun tí mo ń sọ ni pé kí ìjọba ṣe ìpinnu àkọ́kọ́ dáadáa, kí ó sì yára ṣe é, dípò kí ó máa ṣe é ní wàrà-wésà lẹ́yìn ọdún méjì ìdúró, kí ó wá máa fi ìkanra ọdún mẹ́wàá tún un ṣe. Ẹni tí a kọ̀ fún láàárín oṣù mẹ́fà ṣì ní ibi tí yóò padà sí: iṣẹ́ rẹ̀ ọjọ́sí lè wà, àwọn ọ̀rẹ́ kò tíì gbàgbé rẹ̀. Ẹni tí a kọ̀ fún lẹ́yìn ọdún mẹ́rin ti ta gbòǹgbò síbí. Bí ọdún méjì tàbí mẹ́ta bá sì kọjá lẹ́yìn ìkọ̀sílẹ̀, tí ìjọba kò lè dá ènìyàn padà, tí àìlèdápadà náà kò sì ti ọwọ́ ẹni náà wá, kí wọ́n jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́, kí ó sì san owó orí bíi tiyín. Wọ́n á ní ìyẹn yóò fa àwọn mìíràn wá. Bóyá. Ṣùgbọ́n ìjọba kan náà ti ṣe é rí ní bòókẹ́lẹ́: ní ọdún 2006 wọ́n rí i pé fáìlì tí ó wà nílẹ̀ láìparí wà láàárín 400,000 sí 450,000, wọ́n fi ọdún márùn-ún gbá wọn nílẹ̀, iye àwọn tí wọ́n sì fún ní ìwé ìgbélùú nígbẹ̀yìn pọ̀ lọ́nà tó ga ju iye àwọn tí wọ́n dá padà lọ. Ebi tí àwọn wọ̀nyẹn fi ọdún mẹ́jọ, mẹ́sàn-án pa mọ́ra kò jẹ́ èrè fún ẹnikẹ́ni.

Ní ti bí ó ṣe dùn yín pé ẹ̀yin san owó, ó tọ́ kí ó dùn yín. Póùn 1,035 pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹni tí ó ń sùn lórí kúṣìnì yín ni ó gbà á.

* * *

Mo padà sọ́dọ̀ ẹni tí ó béèrè, nítorí pé ohun kan wà nínú ọ̀rọ̀ yín tí ẹ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, tí àwa yòókù náà sì gbàgbé láti dá yín dúró lé lórí. Póùn 50 yẹn.

Ní England, òfin ti fi dandan lé e láti ọdún 2016 pé ẹni tí ó bá gba owó ilé gbọ́dọ̀ yẹ ìwé ẹni tí ó fẹ́ gbé níbẹ̀ wò. Kì í ṣe onílé ńlá nìkan ni ó kàn. Ó kan ẹni tí ó gba ènìyàn kan sínú yàrá tàbí pálọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú. Láti oṣù kejì ọdún 2024, ìtanràn tí ó wà lórí ẹni tí ó gba ayálégbé kan tí kò ní ẹ̀tọ́ ìgbélùú sínú ilé ara rẹ̀ lè tó póùn 5,000 fún ìgbà àkọ́kọ́, ó sì lè di 10,000 bí ó bá tún ṣẹlẹ̀. Àlejò tí kò san nǹkan kan kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ lè gba ará ìlú yín sílé kí ẹ sì máa bọ́ ọ, òfin yìí kò bá yín wí. Ṣùgbọ́n owó tí ẹ jọ fẹnu kò sí, tí ó ń wọ àkáǹtì yín ní ọjọ́ kan náà lóṣooṣù, ẹ lè pè é ní owó iná, kí òṣìṣẹ́ ìjọba sì pè é ní owó ilé. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ tó gba ti oṣù tó ń bọ̀, ẹ bá agbẹjọ́rò sọ̀rọ̀, agbẹjọ́rò gidi tí ó ní ìwé àṣẹ, kì í ṣe ọmọ ìjọ tí ó mọ̀ nípa físà. Kí ọmọkùnrin náà sì bá yín lọ, pẹ̀lú gbogbo ìwé tí Home Office ti fi ránṣẹ́ sí i àti àwọn àpò tí wọ́n bá wọn wá, èyí tí kò tíì já pẹ̀lú.